Sónátà K. 141 ti Domenico Scarlatti: ìbéèrè àti ìdáhùn

Sónátà wo gan-an lẹ ń sọ?

Sónátà ni orin tí ohun èlò ń dá kọ láìsí akọrin. Èyí tí mò ń sọ ni èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ K. 141, ní D minor (ìyẹn ni pé ohùn D ni ìpìlẹ̀ rẹ̀), tí Domenico Scarlatti kọ fún hápsíkọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá ti rí fídíò atẹdùùrù kan rí, tí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń dù lórí kíì ẹyọ kan ṣoṣo, tí ọwọ́ òsì sì ń da kọ́ọ̀dù (ohùn púpọ̀ tó ń dún pọ̀) tó ki sábẹ́ rẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun lẹ gbọ́. Kò gùn rárá. Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá tún apá méjèèjì tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé orin ṣe sọ, yóò gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lókè rẹ̀, Allegro, ìyẹn pé kó yá. Ìrìn rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta, 3/8.

Ta ni Scarlatti yìí?

Ọmọ Naples ní Ítálì ni. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1685, ọdún kan náà tí wọ́n bí Bach àti Handel, olórin ńlá méjì, ní Jámánì. Alessandro bàbá rẹ̀ jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú kíkọ opẹrà, òkìkí bàbá yìí sì bo ọmọ mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Domenico ṣiṣẹ́ ní Róòmù lọ́dọ̀ Maria Casimira, opó ọba Poland, lẹ́yìn náà ó di ọ̀gá akọrin ní Cappella Giulia ní St. Peter's. Àwọn tó ń gbọ́ opẹrà àti orin ìsìn tó kọ nígbà náà kò pọ̀ lónìí.

Ìrìn àjò Lisbon ní 1719 ló yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ọba João V ti Pọ́túgàl gbà á síṣẹ́, ó sì fi ọmọbìnrin rẹ̀, Maria Bárbara, sábẹ́ rẹ̀ kó máa kọ́ ọ lórin. Nígbà tí ọmọ ọba yìí fẹ́ àrólé ìtẹ́ Sípéènì ní 1729, olùkọ́ rẹ̀ bá a lọ. Wọ́n lo bí ọdún mẹ́rin ní Seville kí ààfin tó padà sí Madrid ní 1733. Madrid náà ni Scarlatti kú sí ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1757. Bí a bá yọ àwọn ìgbà tó lọ sí Ítálì kúrò, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi wà nídìí akẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí a lè lóye nípa àwọn sónátà rẹ̀ tí kò gba ọ̀dọ̀ obìnrin yìí kọjá.

Kí ni hápsíkọ́ọ̀dù, kí ló sì fi yàtọ̀ sí píánò?

Lójú, wọ́n jọra: àpótí onígi, okùn onírin nínú rẹ̀, kíì níwájú. Inú wọn ló yàtọ̀. Bí ẹ bá tẹ kíì píánò, òòlù kékeré kan yóò lọ gbá okùn. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, òòlù á rọra gbá a. Ẹ fi agbára tẹ̀ ẹ́, òòlù á gbá a gidi. Hápsíkọ́ọ̀dù kì í gbá nǹkan kan. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dúró lórí ìdí kíì kọ̀ọ̀kan, ègé ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n gé ṣóńṣó sì yọ jáde lára igi náà. Bí ìka bá tẹ kíì, igi á gbéra sókè, ìyẹ́ á ta okùn, ohùn á jáde. Bí ìka bá kúrò, igi á já wálẹ̀, aṣọ kékeré tó wà lórí rẹ̀ á sì pa ohùn náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: ẹ fọwọ́ bà á jẹ́jẹ́ ni o, ẹ gbá a mọ́lẹ̀ ni o, bákan náà ni ìyẹ́ yóò ṣe ta okùn. Líle àti rírọ̀ ohùn kò sí lábẹ́ ìka. Ohùn náà kì í sì í pẹ́ kó tó kú. Ẹni tó bá fẹ́ kí orin òun bú sókè tàbí kó rọlẹ̀ ní láti wá ọgbọ́n mìíràn dá.

Ọgbọ́n tí Scarlatti dá ni iye nóòtù, ìyẹn iye ohùn tí ìka ń tẹ̀. Ibi tó bá ti fẹ́ ariwo, á kó nóòtù jọ síbẹ̀ bámúbámú. Ibi tó bá ti fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, á fi ohùn kan tàbí méjì péré sílẹ̀. Ariwo rẹ̀ wà nínú ìwé orin, kò dúró de agbára apá ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti mọ èyí ti mọ ìwà K. 141, gbogbo ìyókù orí èyí ló dúró lé.

Kí ló dé tí ọwọ́ ọ̀tún fi ń tẹ nóòtù kan náà léraléra?

Nítorí pé ohùn hápsíkọ́ọ̀dù tètè ń kú. Ẹni tó ń ta fayolíìnì lè fa ohùn kan títí. Akọrin lè dì í mú sọ́fun. Ẹni tó jókòó sídìí hápsíkọ́ọ̀dù kò lè ṣe ju pé kó tún okùn náà ta lọ. Scarlatti wá fi àìlera ohun èlò yìí ṣe ẹwà. Nóòtù kéékèèké mẹ́fà ló ń kún báà kọ̀ọ̀kan (ìpín kékeré tí wọ́n fi ìlà yà sọ́tọ̀ nínú ìwé orin), ọwọ́ ọ̀tún á sì so mọ́ ohùn kan, á tẹ̀ ẹ́, á tún un tẹ̀, kó tó sún sí èyí tó kàn. Bí omele tó kọ̀ tí kò dákẹ́ ni etí mi ṣe ń gbọ́ ọ, àmọ́ níhìn-ín ẹni tó kọ̀ tí kò dákẹ́ náà ló gbé orin dání.

Ìka ò lè ṣe é nìkan. Bí ìka kan ṣoṣo bá ní òun á máa gbá kíì kan náà lọ, apá á le kí ó tó dé báà kẹwàá. Ńṣe ni àwọn ìka máa ń gba kíì náà lọ́wọ́ ara wọn: ìka àárín, ìka ìlábẹ̀, àtàńpàkò, kí ìka àárín tún padà dé. Àwọn mìíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìka kẹrin. Ẹ máa rí i nínú fídíò pé ọwọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, àwọn ìka ló ń yí.

Ọwọ́ òsì ń dún bí ẹni pé ó ń ṣi kíì tẹ̀. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ tí kò sì sọ pé "èyí ò dára" kò tíì tẹ́tí sí i dáadáa ni.

Ká ní kọ́ọ̀dù D minor la fẹ́ tẹ̀. Ohun tí gbogbo wa kọ́ ni D, F àti A. Scarlatti á mú irú kọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, á ki nóòtù tí kò sí níbẹ̀ bọ àárín rẹ̀, bíi E tàbí G, nóòtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á wá máa ha ara wọn létí. Òfin orin ìgbà náà ní bí nóòtù bá ha ara wọn báyìí, kí olórin tètè mú èyí tó ń dàlú náà lọ síbi tí yóò ti sinmi. Òun kì í bìkítà. Yóò lù ú, yóò tún un lù, yóò sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò hù ú láti inú afẹ́fẹ́ o. Àwọn atẹdùùrù Ítálì tó ń bá akọrin lọ́wọ́ ti ń fi irú nóòtù àkìbọ̀ bẹ́ẹ̀ kún kọ́ọ̀dù wọn tipẹ́, Francesco Gasparini sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní Venice ní 1708. Ìyàtọ̀ ni pé lọ́wọ́ àwọn yẹn, iyọ̀ díẹ̀ lórí ọbẹ̀ ni. Lọ́wọ́ Scarlatti, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di odindi ọbẹ̀.

Gìtá Sípéènì wá ni ìdí kejì. Gìtá ìgbà ayé rẹ̀ ní ìsọ̀rí okùn márùn-ún, A, D, G, B, E, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ okùn méjì-méjì. Ẹni tó ń fi gbogbo ìka gbá okùn wọ̀nyí kọjá lẹ́ẹ̀kan náà kì í ráyè ṣa èyí tó bá kọ́ọ̀dù mu. Okùn tí kò tẹ̀ mọ́ ọrùn gìtá á dún pẹ̀lú èyí tó tẹ̀. Bó bá ń ta D minor, G tàbí E tí kò fọwọ́ kàn lè yọ sí i. Ẹ fi etí yín gbé ọwọ́ òsì K. 141 lé orí gìtá yẹn, ẹ ó rí i pé kò sí àṣìtẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹni tó ń gbá okùn ni.

Ìdí kẹta ni èyí tí mo ti sọ. Lórí hápsíkọ́ọ̀dù, bí ìka mẹ́rin tàbí márùn-ún bá sọ̀kalẹ̀ pọ̀, ìyẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń ta okùn lẹ́ẹ̀kan náà. Yàtọ̀ sí ohùn orin, ẹ ó gbọ́ "kà!" tí ìyẹ́ àti igi fi ń gbéra. Nóòtù tó ń ha ara wọn yẹn ń ṣiṣẹ́ ìlù.

Ó ya àwọn kan lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbà pé ẹni tó da ìwé náà kọ ló ṣì í kọ. Alessandro Longo, ẹni tó kó àwọn sónátà náà jọ tẹ̀ jáde ní Ítálì láti 1906, mú kálámù, ó sì "tún" ọ̀pọ̀ ibi tó gbóná ṣe. Inú rere ló fi ṣe é, àmọ́ omi ló bù sí i.

Ṣé orin Sípéènì ni ká wá pè é?

Ará Ítálì tó gbé Sípéènì ló kọ ọ́, hápsíkọ́ọ̀dù ààfin ló kọ ọ́ fún. Kò sí ọ̀rọ̀ gìtá lórí ìwé náà níbì kankan. Ẹ má sì wá orin ìbílẹ̀ kan pàtó nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, Charles Burney, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rin Yúróòpù já ní ọ̀rúndún kejìdínlógún láti kọ ìtàn orin, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ibi ni Scarlatti ti ń ṣe àfarawé orin tí àwọn tó ń fi ìbaaka kó ẹrù àti àwọn mẹ̀kúnnù ń kọ. Ẹnu dókítà kan ní Vienna tó mọ Scarlatti ló ti gbọ́ ọ. Seville tó kọ́kọ́ gbé ní Sípéènì wà ní Andalusia, ìlú tí gìtá àti ijó kò ti jìnnà sí etí ẹnikẹ́ni. Èmi ò rò pé ó jókòó kó máa da orin àwọn èèyàn wọ̀nyí kọ. Ó gbọ́ wọn, ìka rẹ̀ sì rántí.

Báwo ni wọ́n ṣe tò ó?

Apá méjì péré, a ó sì tẹ ìkọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Apá kìíní bẹ̀rẹ̀ ní D minor, ó rìn jìnnà síbẹ̀, ó sì parí síbòmíràn. Apá kejì gbéra láti òde yẹn, ó yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún, kó tó padà fi D minor parí. Báyìí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn sónátà rẹ̀ ṣe rí.

Ohun tó yẹ kí etí máa ṣọ́ ni ìparí apá méjèèjì. Wọ́n bára mu: ohun tí ọwọ́ ṣe láti fi kan apá kìíní pa náà ló ń ṣe láti fi kan apá kejì pa, kìkì pé ó ti gbé e wá sí D minor. Ìbẹ̀rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Scarlatti kì í sábà tún ìbẹ̀rẹ̀ orin sọ, bí apá kejì bá ti gbéra, ohun tó bá wù ú ló lè ṣe títí yóò fi kan ibi tí ìparí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ralph Kirkpatrick, ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé pàtàkì lórí rẹ̀ ní 1953, ka oríta yẹn sí ọkàn irú sónátà yìí.

Ó yàtọ̀ sí sónátà Beethoven nígbà náà?

Pátápátá. Ti Beethoven sábà máa ń ní orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tẹ̀lé ara wọn. Ti Scarlatti, ìdìpọ̀ kan ni. Nígbà mìíràn ẹ ó rí méjì tí ohùn ìpìlẹ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn nínú ìwé, bíi K. 208 àti K. 209 ní A major, tàbí K. 380 àti K. 381 ní E major, atẹdùùrù púpọ̀ sì máa ń tẹ̀ wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì. K. 141 máa ń dá dúró.

Kí ni "K" yẹn?

Kirkpatrick tí mo dárúkọ ni. Òun ló tò wọ́n láti 1 dé 555. Bí ẹ bá rí "L", ti Longo nìyẹn, K. 141 ni ó pè ní L. 422.

Ṣé ìwé tí Scarlatti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ṣì wà?

Ti àwọn sónátà, rárá. Ohun tó kù ni ẹ̀dà tí àwọn adàwékọ ṣe. Ayaba Maria Bárbara (ọkọ rẹ̀ gorí ìtẹ́ ní 1746 gẹ́gẹ́ bí Fernando VI) ní kí wọ́n da sónátà olùkọ́ òun kọ sínú ìwé ńláńlá, àwọ ni wọ́n fi di ẹ̀yìn wọn. Ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bẹ́ẹ̀ wà ní Venice lónìí, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn tí wọ́n dà kọ nígbà kan náà sì wà ní Parma. Nígbà tí ayaba kú ní 1758, ọdún kan lẹ́yìn Scarlatti, ó fi ìwé orin rẹ̀ àti àwọn hápsíkọ́ọ̀dù tó dára jù sílẹ̀ fún Farinelli, akọrin tí gbogbo Yúróòpù mọ̀ tó ti ń kọrin ní ààfin Sípéènì láti 1737. Farinelli kó wọn lọ sí Bologna.

Lójú ayé Scarlatti, ohun tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde kò ju ìwé kan lọ: Essercizi, sónátà ọgbọ̀n, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1738, tó fi júbà Ọba João V. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ dùn púpọ̀, ó kìlọ̀ fún òǹkàwé pé kó má retí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ níbẹ̀, eré ọlọ́gbọ́n lòun ń fi iṣẹ́ ọnà ṣe. Ẹ má gbà á gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó mọ nǹkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ayaba lè tẹ K. 141?

Orí rẹ̀ ni púpọ̀ nínú sónátà wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀, fún ìlò rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe dà wọ́n kọ. Bí obìnrin yẹn bá tẹ ìdajì wọn bó ṣe yẹ, atẹdùùrù gidi ni, kì í ṣe ọmọ ọba tó ń fi orin ṣe fààjì.

Scarlatti fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó mọ̀ ọ́n tẹ̀?

Burney sọ ìtàn Thomas Roseingrave, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Dublin tó lọ kọ́ orin ní Ítálì. Ní Venice, nílé ìjòyè kan, wọ́n ní kó tẹ̀ díẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà wọ́n ké sí ọmọkùnrin kan tó wọ dúdú, tó dá dúró sí igun yàrá. Scarlatti ni. Roseingrave ní nígbà tí ọmọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹgbẹ̀rún èṣù ló wà nídìí ohun èlò náà. Roseingrave lo oṣù kan láìfọwọ́ kan dùùrù. Roseingrave yìí kan náà ló tẹ àwọn sónátà náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1739, ó fi díẹ̀ kún ti Essercizi.

Ti Handel náà wà. John Mainwaring tó kọ ìtàn ayé Handel ní 1760 sọ pé Kádínà Ottoboni ní kí àwọn méjèèjì díje ní Róòmù. Lórí ọ́gàànì, Scarlatti fúnra rẹ̀ gbà pé Handel ju òun lọ. Lórí hápsíkọ́ọ̀dù, ẹnu kò kò. Àwọn kan ní Scarlatti ló borí.

Mo gbọ́ pé ó sanra débi pé kò lè fi ọwọ́ kan kọjá lórí èkejì mọ́ lọ́jọ́ ogbó. Ṣé òótọ́ ni?

Burney náà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwòrán rẹ̀ tí Domingo Antonio Velasco yà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀. Kirkpatrick rò pé ayaba ló sanra, àti pé nítorí tirẹ̀ ni ọwọ́ tó ń fò kọjá ara wọn fi dín kù nínú àwọn sónátà ìgbẹ̀yìn. Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí ọwọ́ ti ń fò gidi, ẹ lọ wo K. 120.

Píánò ló dára jù fún un ni àbí hápsíkọ́ọ̀dù?

Hápsíkọ́ọ̀dù ni mo máa mú, ẹ ti mọ ìdí. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí a ó tìtorí rẹ̀ jà. Ayaba gan-an ní píánò tí wọ́n ṣe ní Florence, ìlú tí Bartolomeo Cristofori ti ṣe píánò àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1700. Wọ́n rí i nínú àkọsílẹ̀ ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lodovico Giustini tó tẹ sónátà àkọ́kọ́ fún píánò jáde ní 1732, Dom Antonio, àbúrò ọba João V, tí òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Scarlatti, ni ó fi júbà.

Ìṣòro píánò ni nóòtù àtúntẹ̀ yẹn. Kíì hápsíkọ́ọ̀dù kò jìn, ìyẹ́ kàn ní láti padà sísàlẹ̀ okùn ni, á sì tún ṣe tán. Òòlù píánò ní láti kúrò, kó padà, kó tó tún gbá. Ẹ̀rọ tí Sébastien Érard dá, tí wọ́n gba àṣẹ ìdásílẹ̀ lé lórí ní 1821, ló jẹ́ kí òòlù lè tún gbá okùn láìjẹ́ pé kíì gòkè tán. Píánò ńlá inú gbọ̀ngàn ló ní i. Èyí tó ń dúró mọ́ ògiri kì í sábà ní i. Nítorí náà bí píánò ògiri yín bá ń jẹ nóòtù mì nínú K. 141, ẹ má dá ìka yín lẹ́bi kíákíá.

Ìṣòro kejì kò sí nínú ẹ̀rọ. Lórí píánò, kọ́ọ̀dù tó ki yẹn lè di ariwo gbùràgbùrà, pàápàá bí ẹsẹ̀ bá wà lórí pẹ́dà. Nóòtù ti ṣe ariwo tán fúnra wọn, ẹ má tún fi apá kún un.

Báwo ló ṣe yẹ kó yára tó?

Ó kéré sí ohun tí ẹ ń gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èrò mi nìyẹn, àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù mí lọ kò gbà fún mi. Bí ó bá yá jù, nóòtù mẹ́fà inú báà á di ìró kan ṣoṣo tó ń gbọ̀n, etí ò sì ní lè kà wọ́n mọ́. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, nóòtù tó ń ha ara wọn lọ́wọ́ òsì nílò àyè díẹ̀ kí a tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ha ara wọn. Ọwọ́ òsì ni kó pinnu. Bí kọ́ọ̀dù bá ti ń dún bí ẹni tó ń gbá gìtá tí ijó sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó tó.

Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wa nìkan ni mo ní. Ṣé mo lè fi tẹ̀ ẹ́?

Ó tiẹ̀ lè rọrùn ju píánò ògiri lọ. Kíì rẹ̀ fúyẹ́, ó sì tètè ń padà sókè. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n to ohùn sí, ẹ wá "Harpsichord". Lórí kíbọ́ọ̀dù tó bá tẹ̀lé ìlànà General MIDI, nọ́ńbà keje ni. Lẹ́yìn náà ẹ pa "Touch" kí gbogbo kíì máa dún bákan náà bó ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó. Ẹ pa "Reverb" (ìró tó ń dún padà lẹ́yìn ohùn) náà tàbí kí ẹ dín in kù gan-an, kí ẹ sì bọ́ ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà.

Ohun tí ẹ máa kíyè sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni pé orin tó ti kú lábẹ́ ohùn "Piano" á jí. Ọwọ́ òsì á máa bú láìjẹ́ pé ẹ ṣe wàhálà, tó bá sì ku ohùn méjì péré, á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ìdánraṣe?

Ọwọ́ òsì nìkan, díẹ̀díẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré lọ bá nóòtù àtúntẹ̀ nítorí òun ló ń dán lójú, wọ́n á wá débi tí ọwọ́ òsì ti ń kọsẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ́ ọwọ́ òsì, ẹ dúró lórí kọ́ọ̀dù tó bá ń ṣe etí yín bákan, ẹ tẹ nóòtù inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mọ èyí tó ń ha etí níbẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún, ẹ mú ohùn kan, ẹ máa fi ìka mẹ́ta gbà á lọ́wọ́ ara wọn láìsí orin kankan níbẹ̀. Ìka kò gbọ́dọ̀ fò sókè. Ẹ kàn máa fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí èyí tó kàn rí àyè bọ́ sí. Apá tó bá ti ń le, ẹ dá a dúró.

Mi ò tíì tó K. 141. Èwo ni kí n kọ́ ná?

K. 32, D minor, tí wọ́n kọ "Aria" sórí rẹ̀, kúrú, ó rọra ń lọ, ó sì dùn. K. 431, G major, kò ju ojú ìwé kan lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, K. 208: ó falẹ̀, ọwọ́ òsì ń rìn déédéé, ọwọ́ ọ̀tún ń kọrin lórí rẹ̀, ó sì kún fún irú nóòtù tó ń ha ara wọn tí a ti ń sọ, àmọ́ níbẹ̀ ẹ ó ráyè gbọ́ wọn. K. 380 ní E major ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tí kì í yára; ìró fèrè àti ìlù ìwọ́de wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò orin ABRSM ní Èkó máa ń bá sónátà Scarlatti pàdé nínú ìwé ìdánwò wọn, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ yín ti ní díẹ̀ lọ́wọ́.

Ta ni kí n gbọ́?

Fún K. 141, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Jean Rondeau lórí hápsíkọ́ọ̀dù, kí ẹ tó wá gbọ́ Martha Argerich lórí píánò, òun tó fẹ́ràn láti fi sónátà yìí dágbére fún àwọn èrò. Argerich ń sáré ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, síbẹ̀ mi ò lè pa orin náà kí n má gbọ́ ọ tán. Bí ẹ bá fẹ́ gbogbo 555, Scott Ross gba ohùn wọn sílẹ̀ tán ní àárín ọdún 1984 sí 1985, CD mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Fún Scarlatti tó jẹ́ píánò látòkè délẹ̀, Vladimir Horowitz: ó tẹ K. 380 ní Moscow ní 1986 nígbà tó padà sí Soviet Union tó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, fídíò rẹ̀ sì wà.

Níbo ni mo ti lè rí ìwé orin náà lọ́fẹ̀ẹ́?

Lórí IMSLP, ibi ìkówèé orin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá "Scarlatti" àti nọ́ńbà rẹ̀. Àtẹ̀jáde Longo lẹ ó sábà kọ́kọ́ rí níbẹ̀, nítorí ó ti pẹ́, kò sí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lé e lórí mọ́. Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n gbogbo àmì líle àti rírọ̀ ohùn tó wà nínú rẹ̀, Longo ló fi síbẹ̀. Ẹ fojú fo wọ́n. Ibi tí kọ́ọ̀dù ọwọ́ òsì bá sì ti mọ́ jù, tí kò ha etí rárá, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé bóyá ó ṣàlàyé ohun tó yí padà níbẹ̀, tàbí kí ẹ fi wé àtẹ̀jáde tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ìwé Venice àti Parma.